Ọjọ́ tí Kádì Arère Dá Ara Rẹ̀ Lẹ́jọ́

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ìyá tó ń la ìjà láàárín ọmọ méjì a máa pa á, baálé a máa pa á, kódà ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ bá nà láìbéèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ mọ̀ ọ́n pa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀? Èéṣe tó fi jẹ́ àgbà òṣìkà, tí kò fi jẹ́ òṣìkà lásán? Ọ̀pọ̀ ń rò pé ògbólógbòó ni "àgbà" ibẹ̀ ń wí. Ohun tí wọ́n sọ fún mi yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n ní ẹnì kan ni wọ́n ń pè ní Àgbà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní àgbà òṣìkà.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe akọ̀wé ní kóòtù kan tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ìgbéyàwó àti ogún ní ìlànà Ṣàríà. Lóde òní, nǹkan ti wà létòlétò. Tábìlì wà, fáìlì wà, òǹtẹ̀ wà. Ìwé ìpè á kọ́kọ́ lọ sílé ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ẹni tí ìdájọ́ kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè gbé e lọ síwájú. Láwọn ìlú wa mìíràn tí kò sí irú kóòtù bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn àfáà ló ń jókòó nínú mọ́ṣáláṣí fún àwọn tó bá fi ìfẹ́ inú ara wọn gbé ọ̀rọ̀ wá. Láyé ọjọ́un, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni Kádì, ìyẹn adájọ́ Ṣàríà, etí rẹ̀ méjèèjì náà sì ni kóòtù.

Lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé láti fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ pè lẹ́jọ́. Adájọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́, bàbá arúgbó tí kì í pariwo, kò bá mi wí. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n jókòó. Ìtàn tó pa fún mi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ pa fún yín.

Ìlú kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Arère, ìrìn ọjọ́ méjì ni sí Ìlọrin. Àwọn ará ibẹ̀ ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù tipẹ́, wọ́n sì ní Kádì tó ń dá ẹjọ́ fún wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Yahayà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn onímọ̀ ìlú, òun náà ló kéú jù, nítorí náà Àgbà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Alàmísì, yóò tẹ́ awọ àgùntàn sábẹ́ igi odán iwájú mọ́ṣáláṣí, yóò gbé àpò awọ tí ìwé rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, akọ̀wé rẹ̀ yóò jókòó tì í pẹ̀lú gègé àti tàdáwà. Ọkùnrin tó mọ́ ni. Bí ẹni tó ní ẹjọ́ bá gbé iṣu wá kí i, yóò ní kí wọ́n gbé e padà kí iṣu má baà bá òun dá ẹjọ́. Tí ó bá ti wí, ó parí. Àwọn ará Arère ò ronú pé Àgbà lè ṣe àṣìṣe.

Nínú ìlú yìí ni Bádírù ahunṣọ ń gbé pẹ̀lú Àwáwù ìyàwó rẹ̀. Bádírù a máa hun aṣọ lórí òfì, Àwáwù a jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a máa ran òwú fún un. Láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀ ni wọ́n máa ń tàkúrọ̀sọ. Àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní ọ̀rọ̀ wo ló tún kù tí àwọn méjèèjì kò tíì sọ tán. Wọn kò tíì bímọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò wọ́n nílé wọn, ẹ̀rín náà ò sì wọ́n.

Ọdún kejì ìgbéyàwó wọn, Bádírù di ẹrù aṣọ, ó ní òun fẹ́ bá àwọn oníṣòwò lọ sí Gònjà, kí òun lọ fi aṣọ ṣe pàṣípààrọ̀ obì gbàǹja. Àlọ àti àbọ̀ kò ju oṣù mẹ́jọ lọ nígbà tí ọ̀nà bá dára. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, Àwáwù sìn ín dé ẹnu odi.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ má jẹ́ kí ọ̀nà gbà yín lọ́wọ́ mi o."

Bádírù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwáwù, ìtàn tí mo ń sọ fún ọ lánàá, mo ti parí rẹ̀ bí?"

"Ẹ ò tíì parí rẹ̀."

"Ẹni tí kò bá tíì parí ọ̀rọ̀, ṣé kò ní padà wá parí rẹ̀ ni?"

Ó lọ. Oṣù mẹ́jọ pé, kò dé. Ọdún kan pé, àwọn tí wọ́n jọ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn pínyà lọ́nà nígbà tí odò kan kún, àwọn ò sì mọ apá ibi tó gbà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun dí ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń lọ, kò sí ẹni tó ń bọ̀.

Nígbà tí ọdún kejì fi máa pé, Sùmọ́nù, bàbá Àwáwù, wá mú ọmọ rẹ̀ padà sílé. Àfáà ni Sùmọ́nù náà, òun àti Àgbà ni wọ́n jọ kéú lábẹ́ olùkọ́ kan náà nígbà ọ̀dọ́ wọn, ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ni wọ́n. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ó rí i pé Àwáwù kì í jẹun kánú mọ́, pé bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mejì kì í gbọ́, àti pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣe náà ni òwú ríran. Apẹ̀rẹ̀ kan kún, ó gbé òmíràn. Ìyẹn náà kún.

Sùmọ́nù bi í pé, "Ta lo ń ran gbogbo èyí fún, nígbà tí kò sí ẹni tó ń hun aṣọ nílé yìí?"

Àwáwù ní, "Bàbá, ẹni tó máa hun ún ló ń pẹ́ bọ̀. Òwú kì í bàjẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Sùmọ́nù. Ó wò ó pé ọmọ òun máa gbó sórí ìrètí. Ní ọdún kẹrin, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yésúfù, tó ń ta ẹṣin, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, wá sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ Àwáwù bí ọ̀nà bá là. Sùmọ́nù gba ọ̀dọ̀ Kádì lọ lọ́jọ́ Alàmísì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n sọ ohun tí òfin wí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Ìwé tí Àgbà fi ń dá ẹjọ́ là á sílẹ̀ pé bí ọkọ bá sọnù, Kádì gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ wádìí rẹ̀ níbi gbogbo tí a bá rò pé ó lè wà. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹnu àwọn èèyàn rẹ̀. Ìgbà tí ìwádìí bá já sófo ni wọ́n á tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún mẹ́rin. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin yẹn, obìnrin náà yóò ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Òfin tó ní sùúrù ni. Ó mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ó sì mọ̀ pé ẹni tí kò sí nílé kò lè gba ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Gbogbo èyí ni Àgbà mọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ló jókòó níwájú rẹ̀.

Ó bi í pé, "Sùmọ́nù, ṣé wọ́n ti wádìí ọmọkùnrin náà?"

Sùmọ́nù ní, "Mo ti wádìí ẹ̀, Àgbà. Ọdún kẹrin rèé. Ọmọ mi ń gbẹ lójú mi."

"Ìyá rẹ̀ tó wà lábà ńkọ́? Kí ni òun wí?"

"Ìyá arúgbó! Kí ló fẹ́ wí? Odò ti kún, kò lè rìn wá."

"Àwáwù fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ohun tí mo bá wí ni ó wí."

Àgbà gbójú sókè. Òjò ti ṣú bolẹ̀. Abà tí ìyá Bádírù ń gbé kò ju ìrìn ìdajì ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, omi wà lójú Sùmọ́nù, omijé òtítọ́ sì ni. Àgbà ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bádírù ti di ẹni tí a kò retí mọ́, pé ọdún mẹ́rin tó ti lọ ti tó, kí Àwáwù bẹ̀rẹ̀ opó rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ká awọ rẹ̀, ó sì wọ mọ́ṣáláṣí kí òjò tó dé.

Nígbà tí wọ́n jíṣẹ́ fún Àwáwù, kò jiyàn. Bí ó bá jẹ́ bàbá rẹ̀ nìkan ló wí i, ì bá bá a jiyàn dójú ikú. Ṣùgbọ́n Àgbà ló wí i. Ó ronú pé bí Àgbà bá ti lè sọ ọ́, á jẹ́ pé wọ́n ti wá Bádírù títí, wọn kò rí i. Á jẹ́ pé ó ti kú nìyẹn. Ó sunkún rẹ̀ bí ìyàwó ṣe ń sunkún ọkọ. Ó ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá láìdín ọjọ́ kan. Nígbà tí ó parí, ó kó gbogbo òwú rẹ̀ fún àwọn ahunṣọ àdúgbò, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ sílé Yésúfù.

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ọkùnrin kan gba ẹnu odi wọlé. Ó ti rù, ó sì ń tiro, igi ló fi ń ti ara rẹ̀. Bádírù ni. Ó lọ tààrà sí ilé rẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ òfì. Obìnrin àdúgbò kan tó rí i ké, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun ló sọ fún un pé Àwáwù ti wà nílé Yésúfù.  Wọ́n ní Bádírù jókòó sórí pẹpẹ níbi tí Àwáwù ti máa ń ran òwú, kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Láásárì.

Lọ́jọ́ Alàmísì, ó lọ síwájú Kádì. Ìròyìn ti kàn, èrò ti pé sábẹ́ igi odán. Sùmọ́nù wà níbẹ̀. Yésúfù wà níbẹ̀ pẹ̀lú Àwáwù, tí oyún inú rẹ̀ ti di oṣù mẹ́fà. Àwáwù kò gbé ojú sókè.

Àgbà kí Bádírù káàbọ̀. Ó ní, "Bádírù, mo mọ ohun tó gbé ọ wá. O fẹ́ gba ìyàwó rẹ."

Bádírù dọ̀bálẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí náà. Ó ní, "Rárá, Àgbà. Mi ò tíì dé orí ìyẹn. Ìbéèrè kan ni mo ní. Lọ́jọ́ tí ẹ dá ẹjọ́ mi, kí ni mo wí?"

"O kò sí níbẹ̀."

"Ta ló wá sọ̀rọ̀ fún mi?"

Àgbà fa àpò ìwé rẹ̀ mọ́ra. 

Bádírù ní, "Mo fi ìwé ránṣẹ́. Nígbà tí odò gbé wa, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣubú lù mí, ó fọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ sílé àfáà kan ní Sàlágà, ìlú kan nílẹ̀ Gònjà. Òun ló bá mi kọ ìwé náà. Oníṣòwò kan tó mọ abà wa ló gba ọ̀nà ẹ̀bùrú gbé e lọ fún ìyá mi. Mo fi ojú ara mi rí oníṣòwò náà nígbà tí mo ń bọ̀. Ó ní òun fi í lé ìyá mi lọ́wọ́."

Àgbà ránṣẹ́ sí abà náà lójú ẹsẹ̀, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má kúrò níbẹ̀. Wọ́n kírun Àìlà, wọ́n kírun Láásárì, wọ́n ṣì ń dúró. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n gbé ìyá Bádírù dé lórí ẹṣin Yésúfù, nítorí Yésúfù ló ní kí wọ́n mú ẹṣin òun lọ. Ìyá náà di mọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí Àgbà bi í nípa ìwé, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sì mú un jáde.

Ó ní, "Òun rèé. Ọdún kẹta tí ọmọ mi lọ ni wọ́n gbé e wá. Mi ò mọ̀wé, mo bá gbé e lọ fún àna mi, Àfáà Sùmọ́nù, ó kà á fún mi. Mo jó lágbàlá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Àwáwù ti lọ sọ́jà. Ó ní kí n máa lọ sílé, pé òun fúnra òun ló máa sọ ọ́ fún Àwáwù. Mo ti ń rò pé ó mọ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó ti lọ sílé ọkọ mìíràn, mo ní àbí torí pé ọmọ mi di arọ ni kò fi fẹ́ ẹ mọ́. Ọlọ́run dárí jì mí, mo bínú sí i."

Àwáwù gbé ojú sókè nígbà náà. Àgbà gba ìwé náà, ó sì kà á sókè. Kò gùn. Lẹ́yìn ìkíni, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé: "Àwáwù, mo wà láàyè. Ẹsẹ̀ mi kan ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì ṣì lè hun aṣọ. Bí o bá lè dúró, dúró dè mí. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, rán ẹnì kan sí mi, kí n gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ." 

Wọ́n kọjú sí Sùmọ́nù. Kò sá, kò sì purọ́ mọ́. Ó ní, "Lóòótọ́ ni. Mo kà á. Mo rí ọmọ mi tó ń gbẹ. Mo ní ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán ní Gònjà, tí ogun sì dí ọ̀nà rẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí òkú? Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe."

Àwáwù ní, "Bàbá, ẹ ò bi mí."

Ohun tó sọ fún bàbá rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Àgbà yíjú sí i. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi náà kò bi ọ́. Mo ń bi ọ́ nísinsìnyí. Kí ni o fẹ́?"

 Àwáwù rọra sọ̀rọ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Ó ní, "Àgbà, ká ní ẹ bi mí léyìí lọ́jọ́ tí òjò ṣú yẹn ni, ẹnu mi ì bá dá yín lóhùn. Ẹ̀yin náà wò mí. Ṣé èmi nìkan ló kù láti dáhùn?"

Yésúfù dìde. Ó ní òun kò mọ̀ nípa ìwé kankan, pé bí Àwáwù bá fẹ́ padà lẹ́yìn tó bá bímọ, òun kò ní dì í mú. Àwọn èèyàn hó, wọ́n ní Ọlọ́run yóò san án fún un. Àgbà ní òfin wí pé níwọ̀n ìgbà tí ọkọ kejì kò mọ̀, tí ó sì ti mú un wọlé, ìgbéyàwó rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀, òfin kò dí i lọ́wọ́. Gbogbo ojú wá wà lára Bádírù.

Bádírù wo Àwáwù. Ó pẹ́ kó tó mójú kúrò. Lẹ́yìn náà ló wo Yésúfù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Wọ́n pín ilé mi nígbà tí mi ò sí níbẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ọmọ tó wà nínú Àwáwù yìí, òun náà kò tíì lè sọ̀rọ̀. Mi ò ní pín ilé tirẹ̀." Ó fi igi rẹ̀ gúnlẹ̀, ó dìde, ó sì di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Àwáwù fi ìborùn bojú. Kò sí ẹni tó pè wọ́n padà.

Akọ̀wé bi Àgbà pé kí ni kí òun kọ. Àgbà ní kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò ní gba ẹ̀rí Sùmọ́nù mọ́ ní kóòtù Arère, nínú ẹjọ́ kékeré tàbí ńlá. Akọ̀wé kọ ọ́. Ó rò pé ó ti parí, ó fẹ́ nu gègé rẹ̀.

Àgbà ní, "Kò tíì parí. Ẹni tó jẹ̀bi jù ló kù." Ó kúrò lórí awọ àgùntàn, ó lọ jókòó sórí ilẹ̀ níbi tí àwọn ẹlẹ́jọ́ máa ń jókòó. Ó ní, "Ká ní ọ̀dọ́mọdé ló ṣe ohun tí mo ṣe ni, à bá ní kò mọ̀wé. Mo mọ̀wé. Ká ní àlejò ni, à bá ní kò mọ ọ̀nà abà. Mo mọ̀ ọ́n. Sùmọ́nù parọ́ nítorí ọmọ rẹ̀. Nítorí kí ni èmi ṣe dájọ́? Nítorí òjò. Ẹ̀ ń pè mí ní Àgbà. Ẹ fi òṣìkà kún un. Kọ ọ́ sílẹ̀, akọ̀wé: Yahayà tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, tó sì dá a, àgbà òṣìkà ni."

Akọ̀wé náà kò fẹ́ kọ ọ́. Àgbà dúró tì í títí ó fi kọ ọ́.

Kò jókòó sórí awọ náà mọ́ láyé rẹ̀. Kádì tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹní méjì síwájú ara rẹ̀, ọ̀kan fún olùpẹ̀jọ́, ọ̀kan fún olùjẹ́jọ́ tàbí ẹni tó máa gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ẹní kan bá ṣófo, ẹjọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ ọba ló wà lórí ẹní kejì. Ní ti Àgbà, bí ó bá ti kírun Jímọ̀ tán, yóò mú ọ̀pá rẹ̀, yóò gba ọ̀nà abà lọ, òjò ìbáà rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà mú. Ilé ìyá Bádírù ló ń lọ. Wọ́n bi í pé kí ló ń lọ ṣe níbẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́jọ́ orí rẹ̀. Ó ní òun ń lọ gbọ́ ẹjọ́ tí òun kò gbọ́. Bádírù a gbé àga fún un, a máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Sàlágà fún un díẹ̀díẹ̀, ìyá rẹ̀ náà a sọ tirẹ̀. Báyìí ló ń ṣe títí ó fi kú.

Àwáwù bí ọkùnrin. Ó tún bímọ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Yésúfù sì ṣìkẹ́ rẹ̀ gidigidi. Òun àti Bádírù kò pàdé mọ́ àfi ẹ̀ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá Bádírù. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àdúà tán, Àwáwù wá kí i pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù.

Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú."

Bádírù ní, "O ṣeun. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

Àwọn obìnrin yòókù ti ń lọ, ṣùgbọ́n Àwáwù dúró díẹ̀ sí i. Ó ní, "Ìtàn ọjọ́ yẹn, ibo ni ẹ bá a dé?"

Bádírù ronú. Ó ní, "Mi ò rántí mọ́, Àwáwù." Gbogbo ẹni tó mọ Bádírù mọ̀ pé ó rántí.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Bádírù ta ilé rẹ̀, ó sì bá àwọn oníṣòwò gba ọ̀nà Gònjà lọ. Kò padà wá mọ́. Àwáwù pẹ́ láyé, ó rí ọmọ ọmọ. Wọ́n ní bí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, a máa bi ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀nà àjò dé pé irú aṣọ wo ni wọ́n ń hun ní apá ọ̀hún báyìí, a sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa sí ìdáhùn.

Bí òwe náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, gẹ́gẹ́ bí adájọ́ mi ti pa á fún mi. Nígbà tó parí, ó nawọ́ ìwé ìpè tí mo gbàgbé náà sí mi, mo sì fẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ sílé ọkùnrin náà nínú oòrùn ọ̀sán. Àwọn àgbà a máa pa òwe yìí nígbà tí ẹnì kan bá ti rojọ́ débi tí àánú rẹ̀ ti ṣe gbogbo ènìyàn, tí wọ́n sì fẹ́ dájọ́ nígbà tí ẹnì kejì kò tíì sọ̀rọ̀. Wọn a pa á fún òbí, fún olórí ilé, fún ọ̀rẹ́ tí ọ̀rẹ́ bá wá bá. Wọn kì í pa á fún òpùrọ́, nítorí òpùrọ́ ní òwe tirẹ̀. Olóòótọ́ tó ń kánjú ni wọ́n ń pa á fún, ẹni tí àwọn èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé, tí kò fẹ́ rin ìrìn ìdajì ọjọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.